Àwọn Ríflẹ́ktọ̀ Tí Mo Rán

Ọjọ́rú, 11 oṣù kẹfà

Bàbá Ameenat dé láti ibi iṣẹ́, kò bọ́ bàtà, kò béèrè oúnjẹ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní tírélà ti gbá Olúbọ̀wálé. Ọkọ̀ náà ń fi ẹ̀yìn wọlé láàárọ̀ kùtù, òjò ń rọ̀, ojú ọjọ́ ṣú, dírẹ́bà kò sì tan iná kankan. Olúbọ̀wálé wà láàyè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kán. Mo dúpẹ́. N ò tíì dúpẹ́ tán tó fi sọ ìyókù: dírẹ́bà ní òun ò rí i rárá, ó ní aṣọ tó wọ̀ kò tàn.

Aṣọ tó wọ̀, èmi ni mo rán an. Gbogbo ríflẹ́ktọ̀ yẹ́lò tí wọ́n ń wọ̀ lé aṣọ iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí yẹn, èmi ni mo rán wọn kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, títí kan ti ọkọ mi. Iṣẹ́ kan náà lòun àti Olúbọ̀wálé jọ ń ṣe: kí wọ́n dúró sẹ́yìn tírélà, kí wọ́n máa fun fèrè, kí wọ́n máa júwọ́ fún dírẹ́bà títí ọkọ̀ á fi wọlé dáadáa.

N ò gba ọ̀rọ̀ dírẹ́bà yẹn gbọ́. Ẹni tó gbá ènìyàn, kí ni kò ní sọ?

Ẹtì, 13 oṣù kẹfà

Ọ̀gbẹ́ni Albert wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Ire-Akari. Òun ló ń mójú tó ààbò àwọn òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ Bàbá Ameenat. Ó gbé ríflẹ́ktọ̀ Olúbọ̀wálé sínú nílọ́ọ̀nù, ìka méjì ló fi mú un bí ẹni mú òkú eku.

"Madam, ẹ̀yin lẹ rán eléyìí?"

"Èmi ni. Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Kò shine. Kò shine rárá."

"Ó ń tàn lójú tèmi, sà."

"Ojú tiyín kọ́ ló ń wa tírélà."

Mo ní ṣé wọn ò rí okùn fàdákà tí mo rán mọ́ ọn láyà ni. Ó ní okùn fàdákà máa ń dúró de iná ọkọ̀ ni, bí dírẹ́bà ò bá tan iná, aṣọ yẹ́lò yẹn gan-an ló yẹ kó pe ojú. Ó ní kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀ tó parí, kí n fi hàn wọ́n pé aṣọ náà dára, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Mo bi í pé kí ni àwọn òṣìṣẹ́ á máa wọ̀ títí dìgbà náà. Ó ní èyí tí wọ́n ń wọ̀ náà ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Bó bá gbà lóòótọ́ pé aṣọ kò dára, kí ló dé tó fi fi í sílẹ̀ lára ènìyàn? Yálà ó ń purọ́ mọ́ mi, tàbí ènìyàn kò jọ ọ́ lójú. Mi ò mọ èwo ló burú jù nínú méjèèjì. Ó lọ, ó fi ríflẹ́ktọ̀ náà sílẹ̀ lórí máṣíìnì mi, ẹrẹ̀ ṣì wà létí rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 14 oṣù kẹfà

Mo wá àjákù kan tó ṣẹ́kù nígbà tí mo ń rán wọn, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ríflẹ́ktọ̀ náà. Nínú yàrá, kò sí ìyàtọ̀. Mo kó wọn jáde sábẹ́ ojú ọjọ́ tó ṣú, àjákù náà ń ta sí mi lójú, ríflẹ́ktọ̀ náà kàn wà níbẹ̀ ni. Àbí ìfura ló ń bá mi wò ó? Mo pe Ameenat.

"Màámi, yẹ́lò ni méjèèjì."

Àǹtí Àrìnkẹ́ ni mo ra aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọ̀ṣọ́dì. Ọmọ Ṣakí ni wá, ó jù mí lọ dáadáa, òun ló gba Ameenat lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Lọ́jọ́ tí mo ra aṣọ yẹn, ó fi odindi ọ̀pá kan ṣe ènì fún mi. Nígbà yẹn mo súre fún un. Lónìí mo jókòó, mo ń ronú: kí ló dé tó fi fi odindi ọ̀pá kan ṣe ènì?

Ajé, 16 oṣù kẹfà

Mo lọ Ọ̀ṣọ́dì, mo ṣe bí ẹni pé síìpù ni mo wá rà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ti tún fowó lé e nítorí òjò. Àǹtí Àrìnkẹ́ ti rí mi láti òkèèrè.

"Ìyá Ameenat! Hassanat mi! Ṣé ẹran Iléyá tí mo fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ yín?"

"Ó dé, ma. Ẹ ṣeun, ẹ kú ọdún."

"Ẹ kú ìyèdún. Bàbá ọmọ ẹ ńkọ́? Ṣó ṣì ń fun fèrè kiri?"

"Ó ń fun ún, ma."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fà mí jókòó, ó ní kí wọ́n ra omi tútù fún mi. Mo ń wo ojú rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé òun ti ta aṣọ burúkú fún ènìyàn, ṣé báyìí ló ṣe máa ń rẹ́rìn-ín? Àbí báyìí gan-an ló ṣe máa ń rẹ́rìn-ín? Mo ní kó gé díẹ̀ fún mi nínú aṣọ yẹ́lò ọjọ́sí. Ó ti ọwọ́ bọ inú róòlù náà, ó gé e, kò béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, kò sì gbowó.

Ìyẹn náà tún mú mi fura.

Ọjọ́rú, 18 oṣù kẹfà

Lucy ń ṣe èékánná fún àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù tó kan tèmi. Ó ní àpótí kékeré kan tí iná aláwọ̀ àlùkò wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ làwọn oníbàárà máa ń ki ìka bọ̀ kí èékánná wọn lè gbẹ. Kò sí oníbàárà lónìí. Mo ki aṣọ tí Àǹtí Àrìnkẹ́ gé fún mi bọ̀ ọ́.

"Aunty, see as e dey shine!"

Mo ki ríflẹ́ktọ̀ Olúbọ̀wálé bọ̀ ọ́, òun náà ń dán. Mo pariwo, mo di mọ́ Lucy, mo ní Albert á wá dọ̀bálẹ̀ fún mi ní ojúlé yìí. Ẹnu ìdùnnú yẹn ni mo wà tí mo fi rí ọwọ́ ara mi nínú àpótí náà, àlùkò. Mo fi téèpù mi sí i, àlùkò. Mo fi ẹ̀pà tí mo ń jẹ sí i, òun náà di àlùkò. Iná tó ń kun ẹ̀pà, ṣé mo lè fi í ṣe ẹlẹ́rìí?

"Lucy, irọ́ ni iná ẹ yìí ń pa."

"Ah, Aunty! Na nail e dey dry. E no be police."

Àìkú, 22 oṣù kẹfà

Tíṣà Adéyanjú wá láti Àjàó Estate nítorí ṣòkòtò rẹ̀ tí n ò tíì rán tán. Sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Kó má baà bá mi jà lórí ṣòkòtò, mo kó ọ̀rọ̀ ríflẹ́ktọ̀ sí i létí. Ó gbàgbé ṣòkòtò lóòótọ́.

"Ìyá Ameenat, iná kan wà tí ojú ènìyàn kì í rí. Aṣọ tó bá jẹ́ flọ́rẹ́sẹ́ǹtì á gbé iná yẹn mì, á sì tú u jáde ní àwọ̀ tirẹ̀. Àwọ̀ tirẹ̀ o! Bí ẹ bá tan àlùkò sí i, tó sì dá àlùkò padà fún yín, kò ṣe nǹkan kan, ó kàn ń dá ohun tí ẹ fún un padà ni. Iná Lucy yẹn, àlùkò tí ojú ń rí ti pọ̀ jù nínú ẹ̀."

Ó ní tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń yẹ ayédèrú owó wò ni kí n lọ rà. Kí n wá ibi tó ṣókùnkùn biribiri. Kí n má sì wo ẹyọ ohun kan ṣoṣo: kí n gbé ohun tí mo mọ̀ pé ó ń tàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ohun tí mo mọ̀ pé kì í tàn. Bí mo bá pa tọ́ọ̀ṣì tí aṣọ ṣì ń tàn, irú mìíràn nìyẹn, kì í ṣe èyí tí à ń wá. N ò gbọdọ̀ tan án sójú ẹnikẹ́ni, n ò sì gbọdọ̀ fún Ameenat ṣeré. Ó fi máákà yẹ́lò tó fi ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún mi, ó ní ìyẹn á tàn, kò sí àní-àní.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí fún mi. Ó ní kí n lè ráyè rán ṣòkòtò òun ni. Ó dára, ìyẹn yé mi.

Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kẹfà

Mo ra tọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀ṣọ́dì. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ń búra kí n tó béèrè ohunkóhun, ni mo bá ní kó dì í mú ná. Mo fi gèlè bo orí mi mọ́lẹ̀ níwájú gbogbo ayé, mo tan án sára náírà ara mi. Àwọn àmì kan yọ tí n ò rí rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ná owó. Mo sanwó fún un. Ó ní, "Mummy, ẹ̀yin le o."

Bàbá Ameenat ti gba ríflẹ́ktọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lónìí, ti Akíntáyọ̀ tí wọ́n jọ ń fun fèrè wà nínú wọn. Tòun fúnra rẹ̀ kò sí ńbẹ̀, torí ó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síṣẹ́. Mo fi kúbùsù bo tábìlì ìgéṣọ mi, mo rá pálá wọ abẹ́ rẹ̀. Máákà Tíṣà tàn. Kákí tuntun tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò tàn, bó ṣe yẹ. Àwọn ríflẹ́ktọ̀ wá ńkọ́? Gbogbo wọn tàn! Ti Olúbọ̀wálé gan-an tàn, funfun báláú.

Mo tẹ Albert láago lábẹ́ tábìlì níbẹ̀. Ó ní, "Okay, madam. Ẹ kó wọn wá lọ́jọ́ Ẹtì." Mo se ìrẹsì, mo bu ẹran sí i bí ọjọ́ ọdún.

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù kẹfà

N ò kó wọn lọ mọ́.

Lówùúrọ̀ mo fẹ́ tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ìdùnnú tó yá jù kì í bá mi lára mu. Ìbọ̀sẹ̀ ilé ìwé Ameenat wà lábẹ́ tábìlì, mo ṣèèṣì tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó tàn, funfun báláú, bákan náà pẹ̀lú ríflẹ́ktọ̀ Olúbọ̀wálé. Mo mú síńgílẹ́ẹ̀tì Bàbá Ameenat, ó tàn. Mo mú ìbòrí tí mo fi ń kírun, ó tàn ju gbogbo wọn lọ. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ọkọ mi kúkú máa wọ síńgílẹ́ẹ̀tì dúró sẹ́yìn tírélà.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń wá ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀. Kákí tuntun nìkan ni kò tàn, òun nìkan ni a kò sì tíì fọ̀. Mo gé díẹ̀ nínú rẹ̀, mo fi ọṣẹ oníyẹ̀fun fọ̀ ọ́, mo fi áyọ́ọ̀nù gbẹ ẹ́, mo gbé e padà sábẹ́ tábìlì. Ó tàn. Mo da ọṣẹ náà fúnra rẹ̀ sórí páànù, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ọṣẹ ń tàn yanranyanran. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọṣẹ ni mo ti ń yìn! Ìyàwó ta ni ní Ìsọlọ̀ ni kò fi ọṣẹ oníyẹ̀fun rẹ aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ mọ́jú? Àwa tí a kì í gbà pé aṣọ ti mọ́ bí ìfófòó ò bá kún abọ́.

Ẹ̀mí kan ń sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Albert kò mọ̀, á wò ó, á rí i tó ń tàn, iṣẹ́ mi á dúró. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ló ń dúró sẹ́yìn ọkọ̀. Mo tẹ Albert láago pé kó ní sùúrù fún mi. Ohùn rẹ̀ yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ti ń fura sí mi.

Àbámẹ́ta, 28 oṣù kẹfà

Mo sọ ti ọṣẹ fún Tíṣà lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kí n wo àwọ̀ tó jáde: ti ọṣẹ á fara jọ búlúù, ti aṣọ náà gan-an á jẹ́ yẹ́lò tó pọ́n bí ewé tuntun. Ó ní bí ojú mi ò bá lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kí n wá awò yẹ́lò tí àwọn dírẹ́bà máa ń lò lálẹ́, kò ní jẹ́ kí búlúù kọjá. Mo rí i rà ní Ọ̀ṣọ́dì, mo wọ̀ ọ́, mo wọ abẹ́ tábìlì. Ameenat ní mo dà bí àkèré.

Àkèré náà ríran. Ìbọ̀sẹ̀ ṣókùnkùn. Síńgílẹ́ẹ̀tì ṣókùnkùn. Kákí tí mo fọ̀ ṣókùnkùn. Ríflẹ́ktọ̀ Akíntáyọ̀ ń jó bí iná, aṣọ tí Àǹtí Àrìnkẹ́ gé fún mi náà bẹ́ẹ̀. Mo wá mú ti Olúbọ̀wálé. Mo wò ó níwájú, mo wò ó lẹ́yìn, mo sún tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn tímọ́tímọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn mìíràn tún wà nínú wọn tó rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó tàn nìkan ni mo fi rán Bàbá Ameenat padà sí àwọn tó ni wọ́n.

Dírẹ́bà yẹn kò purọ́. Ó dùn mí láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni mo ra gbogbo aṣọ yẹn, lára róòlù kan náà. Báwo ni apá kan ṣe máa tàn tí apá kan á kú? Ẹnì kan ti da aṣọ méjì pọ̀ fún mi. Mo sì mọ ẹni náà.

Ajé, 30 oṣù kẹfà

Mo lọ bá a. N ò kí i dáadáa, ojú tirẹ̀ ti yí padà kí n tó sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, aṣọ méjì lẹ tà fún mi. Ẹ fi èyí tó dára bo èyí tí kò dára."

"Ta ni? Èmi?"

"Ẹ̀yin ni, ma. Ẹnì kan ti kán lẹ́sẹ̀ nítorí ẹ̀."

"Hassanat, róòlù kan ni! O ò rí mi ni bí mo ṣe ń fà á níwájú ẹ?"

"Mo rí yín. Mo tún rí ọ̀pá kan tí ẹ fi ṣe ènì. Ta ló ń fi odindi ọ̀pá ṣe ènì ní Ọ̀ṣọ́dì?"

Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. Àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti dìde, ọ̀kan ń bẹ̀ mí pé kí n rọra. Mo yọ tọ́ọ̀ṣì jáde kí n lè fi hàn wọ́n, àṣé nínú oòrùn ọ̀sán kò sí ohun tó máa hàn. Gbogbo wọn ń wo tọ́ọ̀ṣì, wọ́n tún ń wò mí. Mo fi ìbínú kúrò níbẹ̀. Ìgbà tí mo dé Ìsọlọ̀ ni mo rántí pé ó ti sunkún.

Ẹni tó jẹ̀bi náà lè sunkún.

Ìṣẹ́gun, 1 oṣù keje

Òjò látàárọ̀. Kò sí iná. N ò rán nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 2 oṣù keje

Mo ní kí Bàbá Ameenat mú ríflẹ́ktọ̀ tirẹ̀ wálé kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kò ṣeé ṣe. Albert ti pàṣẹ pé ríflẹ́ktọ̀ kankan kò gbọdọ̀ jáde ní géètì mọ́, ẹni tó bá gbé tirẹ̀ jáde kó má padà wá.

"Kí ló ń bò mọ́lẹ̀?" ni mo bi í.

"Kò bo nǹkan kan. Ó rò pé ò ń fi nǹkan pa wọ́n lára kí wọ́n lè máa tàn ni."

"Ìwọ náà rò bẹ́ẹ̀?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. Mo ní kó má lọ sẹ́yìn ọkọ̀ títí a ó fi mọ̀. Ó ní ta ló máa bọ́ wa? Ó ní tòun dára, gbogbo wọn níbẹ̀ ló mọ̀ pé tòun ló dára jù, ìyàwó òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà á fún òun. Ó gbé oúnjẹ rẹ̀, ó sì lọ.

Mo wá jókòó ti ara mi. Mo ti fura sí dírẹ́bà, mo ti fura sí Albert, mo ti fura sí Àǹtí Àrìnkẹ́. Lónìí, mo ń wo ọkọ mi bó ṣe ń lọ, mo ń rò ó bóyá ó ti ta tirẹ̀, tí kò fẹ́ kí n mọ̀. Ìwà yìí kò dára, ẹ̀rù ara mi ń bà mí.

Ẹtì, 4 oṣù keje

Aṣọ tutù ṣì wà lára mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Òjò kò tíì dá láàárọ̀ tí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan fi dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Àǹtí Àrìnkẹ́ ló sọ̀ kalẹ̀, ó fi nílọ́ọ̀nù bo róòlù aṣọ yẹ́lò náà, òun fúnra rẹ̀ tutù wìnnìwìnnì. Kò jókòó.

"Tan iná ẹ. Tan án níwájú mi. N ò ní jẹ́ kí ọmọ Ṣakí kan pè mí ní olè láàárín ọjà kí n máa wò."

Àwa méjèèjì wọ abẹ́ tábìlì. Àgbà obìnrin ni, orúnkún ń dùn ún, ó ń kérora bó ṣe ń rá wọlé. Mo fún un ní awò yẹ́lò, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Etí aṣọ tó wà lókè ṣókùnkùn. Mo ní, "Ẹ rí i?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú róòlù náà. Ó tú u díẹ̀, ó ṣì ṣókùnkùn. Ó tún tú u, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Nígbà tó dé inú lọ́hùn-ún, aṣọ náà gbiná, gbogbo abẹ́ tábìlì di yẹ́lò, mo rí ojú rẹ̀ kedere, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Aṣọ kan ṣoṣo ni. Kò sí ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀, kò sí ojú abẹ́rẹ́.

"Àǹtí, kí lẹ fi ibi òkè yìí ṣe?"

"N ò fi í ṣe nǹkan kan! Èyí tí mo máa ń fà jáde kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ni, kí àwọn oníbàárà lè rí wa lókèèrè. Gbogbo wa la máa ń ṣe é. Èyí tó bá pọ́n jù lọ la máa ń kọ́. Láti ìgbà ọyẹ́ ló ti wà ńbẹ̀."

"Nínú oòrùn?"

"Níbo lẹnu ọ̀nà tún wà?"

Oòrùn ló ti jẹ ẹ́. Ó fi àwọ̀ yẹ́lò sílẹ̀ fún ojú wa, ó kó ìyókù lọ. Bí oníbàárà bá sì dé, ibi tó wà lóde yẹn náà ni Àǹtí Àrìnkẹ́ máa ń kọ́kọ́ gé fún un, torí òun ni oníbàárà rí tó fi yà. Kò tàn mí jẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n kọ́kọ́ jẹ́ kóun jáde lábẹ́ tábìlì ná.

Ó ń na ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó ní, "Ìwọ náà kúkú ni. Mo fẹ́ gé ti inú fún ẹ, o ní rárá, o ní eléyìí tó kọ́ síta yìí lo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ti bàbá ọmọ ẹ ni."

Òótọ́ ló sọ. Tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gé nínú gbogbo wọn, kí n tó gé ti ẹnikẹ́ni. Láti òdìkejì ọ̀nà ni mo ti rí aṣọ yẹn lọ́jọ́ náà, mo sì sọ lọ́kàn ara mi pé ọkọ mi ni màá fi wọ̀.

Mo pè é, fóònù rẹ̀ kò wọlé, géètì ni wọ́n máa ń gba fóònù lọ́wọ́ wọn. N ò ti ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ fún Lucy pé kó bá mi wò ó, mo bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ náà. Àǹtí Àrìnkẹ́ gbé róòlù rẹ̀, ó wọlé tì mí, n ò sì ní kó bá mi lọ.

Ní Industrial Estate tí ilé ìkẹ́rùsí náà wà, ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, àwọn tírélà tò títí dé títì. Albert jáde sí wa ní géètì, ó na ọwọ́ dí ọ̀nà.

"Madam, kí lẹ tún gbé wá? Mo ti sọ pé kò sí ríflẹ́ktọ̀ tó ń jáde."

"N ò fẹ́ kí ó jáde. Ẹ dá àwọn ọkọ̀ dúró, sà."

"Dá ọkọ̀ dúró? Nítorí télọ̀?"

N ò bá a jà. Mo fa ọwọ́ rẹ̀ wọ yàrá àwọn ọlọ́dẹ, mo ti ilẹ̀kùn, Àǹtí Àrìnkẹ́ fi ìró rẹ̀ dí fèrèsé. Mo fún un ní awò, mo tan tọ́ọ̀ṣì sára róòlù, apá òkè, lẹ́yìn náà apá inú. Ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ó tan án sára ríflẹ́ktọ̀ ọlọ́dẹ tó dúró tì wá, ó jó yẹ́lò. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sáré sínú òjò, ó ń pariwo pé kí gbogbo ọkọ̀ dúró.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wá ọkọ mi. Òjò ti bo gbogbo àgbàlá náà, ojú ọjọ́ rí bí ìrọ̀lẹ́. Mo rí Akíntáyọ̀ ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, yẹ́lò rẹ̀ ń pè mí. Mo rí àwọn méjì mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Tírélà kan ń fi ẹ̀yìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń gbọ́ fèrè lẹ́yìn rẹ̀, pí, pí, pí. Mo mọ bó ṣe máa ń fun ún. Mo wo ibẹ̀, mo nu ojú mi, mo tún wo ibẹ̀. Mo ń gbọ́ ọkọ mi, n ò rí i.

Mo sáré. Mo ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an, Ọládòṣù, tí n kì í pè níwájú ènìyàn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlù ú kí n tó rí i, òun àti ògiri àti òjò, àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á kúrò níbẹ̀.

"Kí ló gbé ọ débí? Ṣé nǹkan ṣe Ameenat ni?"

"Bọ́ ọ," ni mo sọ. "Bọ́ aṣọ yẹn."

Tírélà náà dúró. Dírẹ́bà yọ orí láti ojú fèrèsé, òjò ń dà lé e lórí, ó wo ẹ̀yìn ọ̀hún tí a ti kúrò, kò wo ọ̀dọ̀ wa.

"Ta ló ń fun fèrè fún mi gan-an?" ni ó béèrè. "Látàárọ̀ ni mo ti ń tẹ̀ lé fèrè yìí, mi ò tíì rí ẹnì kankan."

Bàbá Ameenat bọ́ ríflẹ́ktọ̀ náà, ó sì fún mi.